Ìkíni Mọ̀ọ́tán

Kò sí ológun tó lè tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ Mọ̀ọ́tán láìkọ́kọ́ kí i. Mọ̀ọ́tán ni ẹ̀rọ tó ń pín ọta, oúnjẹ àti oògùn fún gbogbo àgọ́ ogun. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣe é kọ́ ọ níwèé títí, wọn kò kọ́ ọ nílé.

Láàárọ̀ yìí, ọta ba ọmọ ogun kan, Gbádéró, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì Olúgbọ́dẹ, ọ̀gá rẹ̀, gbé rédíò, ó pe Mọ̀ọ́tán.

“Ẹ káàárọ̀ o.”

“Ẹ káàárọ̀, Sájẹ́ǹtì,” ni Mọ̀ọ́tán wí. “Ṣé dáadáa lẹ wà?”

“Dáadáa ni, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kíá.”

“Ẹni tó wà dáadáa kò nílò ẹ̀jẹ̀. Ó dàbọ̀.”

Gbádéró fi ìrora rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ ilé yín ni yóò pa mí.”

Olúgbọ́dẹ tún pè, kò kí i. Mọ̀ọ́tán ní òun kì í dá aláìlẹ́kọ̀ọ́ lóhùn. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ó kí i dáadáa. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bi í bóyá dáadáa ni wọ́n wà, inú ti ń bí Olúgbọ́dẹ.

“A ti kú.”

“Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Pósí ń bọ̀.”

Kò pẹ́ tí bàálù tí kò ní awakọ̀ fi gbé pósí dé; òun náà ni yóò gbé òkú padà sí mọ́ṣúárì inú ọgbà ọsibítù. Olúgbọ́dẹ kò bá Mọ̀ọ́tán jiyàn mọ́. Ó tẹ́ Gbádéró sínú pósí, ó fi igi há ìdérí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

“Bí wọ́n bá kí ọ lọ́hùn-ún,” ló sọ fún un, “má dáhùn. Ẹsẹ̀ ni kí o fi hàn wọ́n.”