Ìwé Ọjọ́ Méje

Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìyá Télọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, ti sú u pátápátá. Ìgbà kẹta rèé tí tíṣà ọmọ ń ránṣẹ́ pè é ní sáà kan ṣoṣo.

"Màmá, ọkàn ẹ̀ kì í sí ní kíláàsì," ni tíṣà wí. "Bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní bá ẹgbẹ́ ẹ̀ gòkè."

"Fóònù ni, tíṣà. Fóònù ló gbé etí ẹ̀ lọ."

Tíṣà ò jiyàn. Ó ní kí wọ́n gba fóònù náà, kí ọmọ máa tètè sùn, kó sì máa jáde fo okùn. Ó wá fún Ìyá Télọ̀ ní ìwé pélébé kan: ìgbàkígbà tó bá pe ọmọ tí kò dáhùn, kó fa ilà kan síbẹ̀, ojú ewé kan lójúmọ́, ọjọ́ méje gbáko. Ó fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó fún òun náà ní ìwé tiẹ̀. Ìyá Télọ̀ rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni.

Ó ti fóònù ọmọ mọ́ inú àpótí, ó kó àkísà lé e lórí. Tiẹ̀ wà lórí máṣíìnì níbi tó máa ń wà, torí ibẹ̀ làwọn oníbàárà ń fi sítáì ránṣẹ́ sí. Bó bá wo sítáì kan tán, òmíràn á yọjú, lẹ́yìn ìyẹn fídíò àwọn tó ń jó, àwọn tó ń jà.

Ọjọ́ kìíní, ilà márùn-ún. Ọjọ́ kejì, mẹ́jọ.

"Ṣé o ti ta etí ẹ ni?"

Ọmọ dúró ti máṣíìnì, okùn lọ́wọ́ ẹ̀. "Màmá, mo ti ń..."

"Dákẹ́. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ."

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Télọ̀ rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì. Orí ọmọ náà ló tún da ẹ̀bi ẹ̀ lé.

"Màmá, Màmá lo ń pè láti àárọ̀. Ṣé o rí ohun tí o fà?"

Ní ọjọ́ keje, ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ jẹun, ó fo okùn, ó wẹ̀, ó wọlé sùn. Kò sẹ́ni tó da Ìyá Télọ̀ láàmú. Ara tù ú díẹ̀. Ó ní oògùn tíṣà ti ń jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó dé ilé ìwé, ó na ìwé ẹ̀ sí tíṣà. "Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ bá mi bá a wí, ó ti sú mi."

Tíṣà kà á tán, ó ṣí ìwé ọmọ sí iwájú ẹ̀. "Mo ní kí òun náà máa fa ilà, bó bá pè yín tí ẹ ò dáhùn."

Ilà kún ojú ewé mẹ́fà títí dé etí ìwé, ṣùgbọ́n ní ojú ewé keje, ọmọ ò fa nǹkan kan, ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mi ò pe màmá mi mọ́."