Táyà Ńlá Ormur Nínú Odò Yìnyín

Ìkánjú ni àléébù Ormur, ìgbéraga ló sì bí ìkánjú náà. Abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè yìnyín nílẹ̀ Iceland ló ń gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Svava. Bí ẹlòmíràn bá ra ohun tuntun, ti Ormur gbọ́dọ̀ ga ju ti onítọ̀hún lọ, kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, oṣù kẹsàn-án ti wọlé, àsìkò tí gbogbo abúlé ń lọ kó àgùntàn wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Dagný, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn akó-àgùntàn, ní kí Ormur fi jíìpù rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ sí ilé ìsinmi wọn ní òdìkejì odò. Inú Ormur dùn débi pé ó ra táyà mẹ́rin tó ga dé ìbàdí ènìyàn, ó sì gbé wọn lọ bá Bogi mẹkáníìkì.

Bogi yí táyà náà po, ó mi orí.

"Màá bá ọ fi wọ́n sí i, ṣùgbọ́n jíà ńkọ́? Ní báyìí, ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ rẹ ń yí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà tó tóbi tó báyìí ń fẹ́ kó yí ẹ̀ẹ̀marùn-ún àti díẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn bákan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní lágbára. Á dà bí ìgbà téèyàn ń fi jíà tó le jù gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè."

"Ọjọ́ wo ni jíà ọ̀hún máa dé?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Bàbá, ọjọ́ Sátidé là ń lọ. Ẹ ṣáà bá mi fi táyà sí i."

"Ó dáa. Àmọ́ má gbé e wọ odò o. Mo bẹ̀ ọ́."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ahọ́n Ormur ti yọ síta. Nígbà tí Svava, tí yóò bá a lọ, bi í léèrè nílé bóyá ọkọ̀ náà ti ṣe tán fún odò, ó ní Bogi ti pààrọ̀ jíà náà.

Dagný ti kìlọ̀ pé àárọ̀ ni kí wọ́n gba odò kọjá, nítorí tí oòrùn ọ̀sán bá ti yọ́ yìnyín, omi á kún. Ṣùgbọ́n Ormur dúró nílé epo kí àwọn èèyàn lè ya fọ́tò táyà rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí òun àti Svava tó forí lé ọ̀nà òkè.

Lójú ọ̀nà ni ara ti kọ́kọ́ fu Svava. Ọwọ́ aago tó ń ka eré ọkọ̀ ń tọ́ka sí àádọ́ta, ṣùgbọ́n òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń sá kọjá bíi pé àádọ́rin ni ọkọ̀ ń sá. Bí jíà bá ti bá táyà mu, aago kì í parọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa kérora.

"Ormur, ṣé òótọ́ ni Bogi ṣe jíà yìí?"

"Obìnrin, jẹ́ n wa ọkọ̀ mi!"

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi náà ti rú bí eérú, ó sì ń hó. Svava ń gbọ́ òkúta ńláńlá tó ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó rí Dagný àti àwọn ẹlẹ́ṣin ní òdìkejì, wọ́n ń ju ọwọ́ pé kí wọ́n padà. Ormur rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi.

Ní àárín odò, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jíà tó lọ́ra jù, tó sì lágbára jù, ni Ormur fi ọkọ̀ sí, síbẹ̀ kò tó. Kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú, Ormur ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láàbọ̀, ó ń tẹ epo gidi. Òórùn ìjóná gba inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì ń ké tantan, ṣùgbọ́n táyà ò yí mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ táyà, ti jóná tán.

Omi tútù bo ẹsẹ̀ Svava, ó gun orúnkún rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Bogi kò ṣe jíà náà, àbí?"

Ormur kò lè wo ojú rẹ̀. "Kò ṣe é."

Svava gba ojú fèrèsé gun orí ọkọ̀. Jíìpù náà ń sún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Dagný bọ́ sínú odò lórí ẹṣin, omi dé gàárì, ó ju okùn sí i, ó sì fà á gòkè.

Ó padà wá fún Ormur. Ó bá a tó ṣì di ìdarí ọkọ̀ mú.

"Ẹ kọ́kọ́ so okùn mọ́ ọkọ̀, Dagný!"

"Ọkọ̀ wo? Jáde níbẹ̀, òmùgọ̀!"

Kò tíì yọ ẹsẹ̀ kejì tán tí omi fi ta jíìpù náà nù. Ẹsẹ̀ náà há sáàárín ilẹ̀kùn àti àpáta. Igbe tó ké, Svava ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun. Wọ́n fà á yọ láàyè, ṣùgbọ́n àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Odò gbé ọkọ̀ lọ, ó gbé oúnjẹ lọ, àwọn akó-àgùntàn sì fi ebi sùn ọjọ́ méjì nínú òjò dídì.

Svava lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ormur sunkún, ó bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti forí jì ẹ́," ni Svava wí. "Àmọ́ tó o bá sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́, màá kọ́kọ́ yọjú síta wò ó ná."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká fi ti Ormur ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún ohun tí ojú ń rí, kó kọ́kọ́ fi kún agbára tí yóò gbé e. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní ká dúró, ká dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ká má parọ́ fún ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ sí wa lọ́wọ́, nítorí bí omi bá kún, irọ́ kì í mọ̀ ọ́n wẹ̀.