Ara Ti Le, Mà

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé kókó kékeré kan lẹ́nu ilé-ọmọ Ìbíwùmí, dókítà inú ògiri, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nínú ilé, ló ń fún un ní oògùn apàrora, òun náà ló ń bá a tọrọ ààyè níbi iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ó rọra jókòó sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú.

"Ìyàwó mi, ṣé ara ti le?"

Ta ní í ka ìrora abẹ́ sí ìyá ọkọ létí?

"Ó ti le, mà. A dúpẹ́."

"Mo gbọ́," ni ògiri wí. "Bí ara bá ti le, oògùn parí nìyẹn. Ọkọ̀ ibiṣẹ́ ti ń bọ̀."

"Rárá o! Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ni! Ó ṣì ń ta mí!"

"Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, bí gbogbo yín ṣe ń wí nìyẹn."