Ọwọ́ Láńrewájú Ti Jí

Láńrewájú di ọrùn ọwọ́ Mobọ́lá, ìyàwó rẹ̀, mú. Ó ń fún un.

"Ẹ fún un sí i!" ni Nọ́ọ̀sì Hilda ń pariwo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Oṣù mẹ́ta ni ọwọ́ Láńrewájú fi po amọ̀, tó fi hun agbọ̀n, kó lè padà lágbára, nílé ìwòsàn míṣọ́n ní Zaria.

Eegun Mobọ́lá ń dún.

"Màdàllá!" Nọ́ọ̀sì Hilda fi Haúsá yìn ín. "Ìyàwó, ẹ yọ̀! Ọwọ́ tí réluwé rún wómúwómú ti jí. Ọ̀la lẹ ó jọ relé. Ó tó báyìí, bàbá."

Láńrewájú ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mobọ́lá fi ọwọ́ kejì fa ìborùn bo àpá èékánná tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Réluwé kọ́. Ojú ló ń ti Láńrewájú láti sọ pé ọmọ odó Mobọ́lá ló fọ́ ọwọ́ náà, lọ́jọ́ tó fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀hún fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn pa.