Àwọn Tó Dojú Wẹ́bùsáìtì Lọ́yà Dé

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí!" Ọ̀gá lọ́yà fọwọ́ gbá tábìlì. "Àwọn oníbàárà wa ní London ò rí wẹ́bùsáìtì wa ṣí. Tí ò bá jí kí aago méjìlá tó lù, máa lọ sílé ẹ."

Òógùn bo ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tó ń bá wí nínú ọ́fíìsì wọn ní Igbosere. Ó ti rí ohun tó fà á: àwọn kan ń ṣí wẹ́bùsáìtì náà léraléra, débi pé kò ráyè dá ẹlòmíì lóhùn. Sáíbà kafé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ó sáré débẹ̀, ó já wọlé. "Ta ni ọ̀tá wa níbí?"

Ìyá àgbà mẹ́wàá tó fi ìborùn borí ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, tí wọ́n ń fi ìka kan tẹ bọ́tìnì. Màmá rẹ̀ ló dúró láàárín wọn, tó ń pàṣẹ.

"Mọ́mì! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé tí èèyàn ò bá wo wẹ́bùsáìtì yín, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ? Mo kó gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa wá. Alhaja Afusat, ẹ má sinmi o!"

Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Wẹ́bùsáìtì náà sì jí. Ó wá fi tẹlifóònù kafé náà pe ọ̀gá rẹ̀.

"Ṣé o rí àwọn ọ̀tá náà?"

Ó wo màmá rẹ̀, tó ń pín mọ́sà fún àwọn jagunjagun rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀tá, sà. Wọ́n kàn fẹ́ràn wa jù ni."