Ìdánwò Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yìí, abẹ́rẹ́ gígún kọ́ ló ń já akẹ́kọ̀ọ́ kulẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọ́n á ní kí o jókòó sí yàrá kan, wọ́n á rán ẹnì kan wọlé tó máa ṣe bí aláìsàn, ìwọ á sì bá a sọ̀rọ̀. Eléré ni wọ́n máa ń háyà. Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n rí, ọ̀gá tó ń wo ìdánwò pàápàá ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ìṣòro tó bá wu eléré ló máa gbé kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o lè fetí sílẹ̀, bóyá o lè dákẹ́ nígbà tó yẹ, bóyá o kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ aláìsàn lẹ́nu.

Ọmọbìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, eléré sunkún, òun náà bá a sun, ó tiẹ̀ sun ún ju ẹlẹ́kún lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, bàbá eléré kan ní aládùúgbò òun ń lu ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọmọ yìí fò dìde, ó kó àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà dé tàwọn ti kóńdó. Gbogbo ilé ìwòsàn tí ilé ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ọgbà rẹ̀ fi ṣe ẹ̀rín rín títí ẹ̀rín fi sú wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Olùgbàlà. Àti ẹni tó ń gbálẹ̀, àti ẹni tó ń dáná, "Olùgbàlà, ṣé dáadáa la jí?" ni. Ojú ń tì í débi pé ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé.

Ìdánwò tòní ni ìkẹta, kò sì sí ìkẹrin. Bó bá tún kùnà, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń padà sí, níbi tó ti ń pọn ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ń pè é bí ẹni ń pe ajá. Ó ti búra pé kí òun padà síbẹ̀, ikú yá.

"Jẹ́jẹ́ ni o," ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wo ìdánwò sọ fún un. Ó fẹ́ràn ọmọ náà; ó ti gbé àga tirẹ̀ sí igun yàrá. "Má sunkún. Má sáré pe ẹnikẹ́ni. Eré ni, ṣó o gbọ́? Jẹ́ kó mọ̀ pé ò ń gbọ́ òun, má sì ṣèlérí ohun tí o ò lè ṣe."

"Mo ti gbọ́, mà."

Wọ́n jókòó títí. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wo aago, ó pòṣé. Nígbà tó ṣe, ilẹ̀kùn ṣí. Màmá arúgbó kan wọlé, ó ti ilẹ̀kùn padà kíá, ó sì fẹ̀yìn tì í. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, kò sí ní ìkejì. Ojú ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti ń wí pé eléré tòní mọṣẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ wá jókòó."

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀nà míì wà téèyàn lè gbà jáde níbí?"

Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ó rántí ara rẹ̀, ó di àga mú. "Ẹ fẹ́ jáde, mà," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọkùnrin kan wà níta. Ọmọ ọkọ mi ni, èmi kọ́ ni mo bí i. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń tì mí mọ́ yàrá. Ó gba fóònù mi. Ó ń sọ fáráyé pé orí mi ti dàrú, kó lè rí ilé mi tà. Dókítà sì ti gbà á gbọ́ báyìí. Tó bá fi lè gbé mi délé lónìí, mi ò tún jáde mọ́."

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kó máa dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà yín gan-an, mà."

"Báwo lẹ̀rù ò ṣe ní bà mí? Ọmọbìnrin mi ò mọ ibi tí mo wà. Bá mi pè é, mo mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà náà jáde, ó pè é tán, ó tún un pè.

Ọwọ́ ọmọ náà ti wọ àpò tí fóònù wà. Ó wo igun yàrá. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì rọra mi orí pé rárá. Ó yọ ọwọ́ jáde lófìfo. Ẹ̀ẹ̀kan téèyàn jẹ́ Olùgbàlà ti tó.

"Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ fẹ́ kí ọmọ yín mọ ibi tí ẹ wà. Ó dùn mí tọkàntọkàn. Ṣé mo lè di ọwọ́ yín mú?"

Màmá wò ó títí. "Ṣé ọwọ́ ni mo ní kí o bá mi dì mú ni?"

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan yọjú, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó mú báàgì obìnrin àti bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Màmá mi nìyí. Àrùn ìgbàgbé ló ń dà wọ́n láàmú. Màmá, a ti ṣe tán níbí, ẹ jẹ́ ká máa lọlé."

Àṣé wọ́n ti fi ẹnì kejì kún un lọ́dún yìí kó lè le sí i, ni ọmọ náà rò.

Ìgbà yẹn ni màmá wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dì í pinpin. Ọmọ náà rántí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò gbaná jẹ. Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bá màmá wọ bàtà kejì, ó sì rọra tú àwọn ìka náà kúrò lára tirẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ finú hàn mí, mà. Ẹ máa rọra lọ." Ọkùnrin náà dúpẹ́ dúpẹ́, ó sì mú màmá lọ.

"O yege!" Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dìde, ó gbá a mọ́ra. "Omi ò bọ́ lójú rẹ, o ò sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó ń pe nọ́ńbà yẹn, èmi gan-an gbàdúrà sínú. Káre, ọmọ dáadáa!" Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn dénú egungun. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń jáde ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí obìnrin kan fi já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń nu òógùn ojú: "Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo pẹ́, táyà ló bẹ́ mọ́ wa lọ́nà, èmi ni eléré tí wọ́n ní kó wá ṣe aláìsàn."