Wúrà Odò Gyel

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà tó ṣú, Adéfúnmi gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò yí ọkàn Ọládayọ̀ ọkọ rẹ̀ kúrò lórí àtipadà sí Iléṣà, ìlú bàbá ọkọ náà. Lọ́jọ́ Ajé ni Àjàyí, ẹni tó fẹ́ ra ilé wọn ní Kabong, máa wá san owó, kí wọ́n sì kó ẹrù jáde. Láti ìgbà tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù tí Ọládayọ̀ ti ń gé kọ́kọ́rọ́, ògiri ló ń kọjú sí sùn. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń sọ pé kò sí nǹkan kan tó kù fún òun ní Jos.

Adéfúnmi ní tirẹ̀ kò mọ ibòmíràn. Jos ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ìtòsí ibẹ̀ náà ni Divine, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ń gbé nílé ìwé. Tó bá dé Iléṣà, Gàmbàrí ni àwọn àna rẹ̀ ń pè é. Wọ́n á ní kó sọ Yorùbá díẹ̀ kí àwọn fi rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Divine," ló wí, "kí Àjàyí tó dé, ẹ jẹ́ ká lọ ṣeré ní Gyel. Bí a ti ń ṣe nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi."

Láyé ìgbà yẹn, gbogbo ọdún Àjíǹde ni àwọn méjèèjì máa ń pàgọ́ sétí odò, tí wọ́n á máa fi igbá fọ yanrìn, bóyá wọ́n á rí wúrà. Wọn ò rí ju kúsà lọ, òkúta dúdú tó kún ilẹ̀ Jos.

"Wúrà wo ló wà ní Gyel?"

"Wọ́n láwọn èèyàn ti ń rí i báyìí."

"Wọ́n ní, wọ́n ní." Ṣùgbọ́n ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí Adéfúnmi ṣí búùtù mọ́tò láti kó igbá àti àgọ́ sí i, ó rí okùn tuntun kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá.

"Kí lèyí wà fún?"

"Ẹrù la máa fi dì." Ọládayọ̀ ń tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Fáìlì irin mi kékeré dà? Iná ò jó ìyẹn."

"Ó wà ní kíṣìnì. Ọ̀bẹ ni mo fi ń pọ́n."

"Obìnrin yìí! Fáìlì kọ́kọ́rọ́ lo fi ń pọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu?" Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín.

Òtútù mú ní Gyel. Adéfúnmi fi síkáàfù wé ọrùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é látijọ́ náà ni wọ́n ṣe é: Adéfúnmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́ odò, á bu yanrìn sínú igbá, á fọwọ́ ṣa òkúta ńláńlá inú rẹ̀ dànù, á wá gbé e fún ọkọ rẹ̀ kó máa yí i nínú omi. Lọ́jọ́ kìíní, wọn ò rí nǹkan kan.

"Àwọn tó ń rí i dà?" Ọládayọ̀ ní. "Kí wọ́n wá fi hàn mí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Ọládayọ̀ dá yíyí igbá dúró lójijì. Ó gbé igbá sún mọ́ ojú.

"Màmá Divine."

"Kí ló dé?"

"Má mí. Tó o bá mí, á fò lọ."

Ó pọ̀ díẹ̀ ju erùpẹ̀ orí èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó ń dán. "Kai! Wallahi!" Ọládayọ̀ kígbe títí àwọn ewúrẹ́ orí àpáta fi sá. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, díẹ̀ ti wà nínú ìgò oògùn ojú rẹ̀, ó sì ti jẹ abọ́ ìrẹsì méjì. Nídìí iná, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣéènì wúrà ìyá ẹ dà? O kì í bọ́ ọ lọ́rùn."

"Mo fi pamọ́. Olè lè wà létí odò."

"Tí mo bá rí èyí tó pọ̀, màá rọ òmíràn fún ẹ tó nípọn jù ú lọ."

"Ẹ ṣé," Adéfúnmi ní, ó sì ti igi sínú iná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọládayọ̀ fúnra rẹ̀ pe Àjàyí pé òun ò ta ilé mọ́. Adéfúnmi lọ sẹ́yìn àpáta, ó dá nìkan jó.

Hàúwà tó ń ra wúrà ní Nasarawa Gwong gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó da ohun inú ìgò náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ibo lẹ ti rí i?"

"Gyel," Ọládayọ̀ ní.

"Ó mọ́ o. Wúrà odò kì í mọ́ báyìí." Ó wo Ọládayọ̀, ó wo síkáàfù ọrùn Adéfúnmi, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. "Madalla, ó dára," ló wí, ó sì gbé e sórí ìwọ̀n.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Sátidé kan tí wọn ò lọ. Nígbà míì wọ́n á rí, nígbà míì wọn ò ní rí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọládayọ̀ wọ kíṣìnì wá lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti tà á."

"Kí ni?"

"Ilé. Àjàyí ti san owó. Mo ti fi ra etí odò yẹn, mo tún fi ra ẹ̀rọ tó ń fa omi. A ò kúrò ní Jos mọ́ láéláé. Ṣebí ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Adéfúnmi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi." Ó jókòó, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Okùn tó o rí nínú búùtù níjọ́sí. Kì í ṣe ẹrù ni mo rà á fún. Ọpẹ́lọpẹ́ odò yẹn, Fúnmi. Ọpẹ́lọpẹ́ wúrà yẹn." Ó nu ojú. "Ó yá, kí lo fẹ́ sọ?"

"Mo ní ẹ jẹ́ ká jẹun."

Inú àgọ́ ní etí odò Gyel ni wọ́n ń gbé báyìí: Adéfúnmi ń bu yanrìn, Ọládayọ̀ ń fọ̀ ọ́, okùn náà ṣì wà nínú búùtù, fáìlì kékeré ti jẹ ṣéènì ìyá Adéfúnmi tán, ó ti jẹ yẹtí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti jẹ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ dé ìdajì.